Wọlé, kí o dúró ti ìyá ọkọ rẹ

Láti Chicago ni lẹ́tà tí mo fẹ́ dáhùn yìí ti wá, lọ́wọ́ obìnrin kan tó pe ara rẹ̀ ní "Ẹni tó dúró síta". Ọmọ Ìbàdàn ni, nọ́ọ̀sì ni, inú ìjọ Onítẹ̀bọmi ni wọ́n sì ti tọ́ ọ dàgbà. Ọmọ Gíríìsì ni ọkọ rẹ̀. Bàbá bàbá ọkọ ló kúrò ní abúlé kan lórí òkè Arcadia, ní Peloponnese tó wà ní gúúsù Gíríìsì, wá sí Amẹ́ríkà. Bí oṣù kẹjọ bá ti dé, gbogbo ẹbí a padà sí abúlé náà fún àjọ̀dún Màríà Wúńdíá tó máa ń bọ́ sí ọjọ́ 15. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n fún ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́rin ní ara Olúwa, ìyẹn Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa, nínú ṣọ́ọ̀ṣì abúlé náà, wọn ò fún òun. Ó bínú jáde, ìta ló jókòó sí títí ìsìn fi parí. Bàbá ọkọ ti wá kú báyìí. Ìyá ọkọ ní kó wá bá òun se àlìkámà ìrántí rẹ̀, kó sì dúró ti òun nínú ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀lé àjọ̀dún. Pásítọ̀ rẹ̀ ní ẹni tó bá fẹnu ko àwòrán àwọn ẹni mímọ́ tó wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì wọn ti bọ òrìṣà. Ìyá rẹ̀ ní Ìbàdàn ní kò gbọdọ̀ fẹnu kan oúnjẹ òkú. Ó wá bi mí pé: "Màámi, ṣé kí n wọlé ni, àbí kí n dúró síta?"

Ọmọ mi, wọlé.

Jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ ara Olúwa kúrò nílẹ̀, torí òun ló dá egbò sí ọ lọ́kàn. Ìjọ Ọ́tódọ́ọ̀sì, tí ẹbí ọkọ rẹ ń lọ, kì í fún ẹni tí kì í ṣe ọmọ ìjọ wọn ní ara Olúwa, bó ti wù kí onítọ̀hún fẹ́ràn Jésù tó. Wọ́n ti ṣèrìbọmi fún ọmọ rẹ lọ́dọ̀ wọn, wọ́n sì ti fi òróró mímọ́ sàmì sí i lára lọ́jọ́ kan náà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣíbí bù ú sí i lẹ́nu. Àní ọmọ ọwọ́ ń gbà á. Òfin náà kò wo àwọ̀, kò sì wo ìlú tí èèyàn ti wá. Tún ka lẹ́tà rẹ wò. Ìwọ fúnra rẹ lo kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọkọ rẹ àti àbúrò rẹ̀ ò dìde. Ọ̀pọ̀ ọmọ ìjọ náà kì í jáde síwájú bí wọn ò bá gbààwẹ̀ tó ṣáájú àjọ̀dún, láti ọjọ́ 1 oṣù náà títí di ọjọ́ 14, láìjẹ ẹran, láìjẹ ẹyin, láìmu wàrà. Àárín àwọn tó jókòó bíi tìẹ lo wà, tí o wá ka ara rẹ sí ẹni tí wọ́n lé.

Ohun tí o sá fi sílẹ̀ ló dùn mí jù. Bí ìsìn bá parí, àlùfáà a dúró níwájú pẹ̀lú búrẹ́dì tí wọ́n gé wẹ́wẹ́. Antídoro ni wọ́n ń pè é. Àwọn obìnrin ló máa ń yan búrẹ́dì náà nílé, wọ́n á sì tẹ èdìdì àgbélébùú sí i lórí kó tó wọ inú ààrò. Àlùfáà a gé ibi tí èdìdì wà fún ara Olúwa, èyí tó kù ni wọ́n ń pín. Ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì wọn, àlejò náà ń gbà á. Lọ́tẹ̀ yìí, bá wọn tò, tẹ́ ọwọ́ ọ̀tún lé òsì, kí o gba tìẹ.

Ní ti àwòrán, mi ò ní bá pásítọ̀ rẹ jà. Ṣùgbọ́n gbọ́ tẹnu àwọn tó ń ṣe é. Àwọn ọba Byzantium, ìjọba ilẹ̀ Gíríìkì ayé àtijọ́, ti fòfin de àwòrán wọ̀nyí rí, wọ́n fọ́ wọn, wọ́n fìyà jẹ àwọn tó ní wọn lọ́wọ́, kí ìpàdé àwọn bíṣọ́ọ̀bù ní Nicaea lọ́dún 787 tó wá là á sílẹ̀ pé ọ̀wọ̀ ni ti àwòrán, ti Ọlọ́run nìkan ni ìjọsìn. Bí ọkàn rẹ bá gbà á, fẹnu kò ó. Bí kò bá gbà á, má ṣe é torí ojú àwọn ìyá àgbà tó ń wò ọ́, wọ́n á sì wò ọ́ dáadáa. Fi owó sínú àpótí lẹ́nu ọ̀nà, mú àbẹ́là tín-ínrín kan, tàn án, kí o gún un mọ́ iyanrìn. O ní bàbá tìẹ náà ti sùn nínú Olúwa. Tan ọ̀kan ní ìrántí rẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa bi ọ́ pé ta lo tàn án fún.

Ọ̀rọ̀ àlìkámà gan-an ni mo fẹ́ kí o fara balẹ̀ gbọ́. Kóliva ni wọ́n ń pè é. Wọ́n á se àlìkámà náà títí á fi rọ̀, wọ́n á tẹ́ ẹ sórí aṣọ funfun mọ́jú kí omi ara rẹ̀ lè gbẹ. Wọ́n á wá da álímọ́ǹdì, àjàrà gbígbẹ, kínámónì àti wóró èso pómégíránétì pupa mọ́ ọn. Wọ́n á kó o jọ sórí àwo bí òkè kékeré, wọ́n á bu ìyẹ̀fun tí wọ́n yan bò ó kí omi má bàa rin ṣúgà, lẹ́yìn náà wọ́n á ku ṣúgà lẹ́búlẹ́bú sí i, wọ́n á fi bébà tẹ̀ ẹ́ títí á fi dán. Álímọ́ǹdì ni wọ́n á fi to àgbélébùú àti lẹ́tà orúkọ olóògbé sórí rẹ̀. Àlùfáà a gbàdúrà sí i níparí ìsìn, ìjọ a kọrin pé kí ìrántí rẹ̀ wà títí ayé. Wọ́n á wá bù ú sínú ọ̀rá kéékèèké fún gbogbo èèyàn, ẹni tó bá sì gbà á á ní kí Ọlọ́run forí ji olóògbé.

Alààyè ló ń jẹ ẹ́. Ọ̀rọ̀ Jésù nípa wóró àlìkámà tó bọ́ sílẹ̀ tó sì kú kó tó so èso, nínú Jòhánù orí kejìlá, ni wọ́n ń tọ́ka sí. Nígbà tí bàbá rẹ pé ọdún kan, ṣé ìdílé yín ò se ìrẹsì fún ará ìjọ lẹ́yìn ìsìn ìrántí? Ṣé ìyá rẹ pe ìyẹn ní oúnjẹ òkú?

Sì wo ẹni tó ń bẹ̀ ọ́. Lẹ́yìn tí owó àjàrà gbígbẹ, ọ̀gbìn tí wọ́n gbójú lé, já wálẹ̀ lọ́dún 1893 ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́kùnrin Peloponnese kó lọ sí Amẹ́ríkà. Ní irú abúlé bẹ́ẹ̀, àwọn arúgbó díẹ̀ ló ń kù nílé nígbà òtútù. Oṣù kẹjọ nìkan ni ilé ń kún. Opó náà láwọn ọmọ tó bí nínú ara rẹ̀, ìwọ ló wá ní kó bá òun se àlìkámà ọkọ òun. Lójú gbogbo abúlé, ó ń sọ pé ọmọ òun ni ọ́. Mi ò mọ bí mo ṣe lè bá ọ kọ ìyẹn.

Ọkọ rẹ ni mo bá wí. Òun ló gbọ́ èdè, òun ló yẹ kó ti sọ fún ọ lọ́dún tó kọjá kí ojú má tì ọ́. Kó pe ìyá rẹ̀ báyìí, kó ṣàlàyé ohun tí o máa ṣe àti ohun tí o ò ní ṣe, kó má jẹ́ iwájú èrò ni ìyá náà á ti mọ̀. Ìwọ náà, wá ìwé ìsìn wọn tí wọ́n túmọ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì, kà á kí o tó lọ. Èdè Gíríìkì àtijọ́ ni wọ́n ń lò, kì í yé àwọn ọmọ ìlú náà tán. Ìró àti bùbá rẹ dára, ó bo èjìká. Má ṣe gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀ bí o bá jókòó, má sì jókòó sórí àwọn àga onígi gíga ẹ̀gbẹ́ ògiri àyàfi tí ìyá ọkọ rẹ bá ní kí o jókòó. Àwọn àgbà ló sábà máa ń ni wọ́n.

Pe ìyá rẹ kí o tó wọ bàálù. Ka ohun tó wà nínú kóliva fún un lọ́kọ̀ọ̀kan, kí o sọ àdúrà tí wọ́n ń gbà sí i fún un. Bó bá ṣì yarí, bá wọn sè é, bá wọn pín in, kí o fi tìẹ sínú ọ̀rá fún ọkọ rẹ. Ìyá ọkọ rẹ ò ní kí o jẹ ẹ́ dandan; ó ní kí o dúró ti òun.