Ẹ Bi Wá: Àpilẹ̀kọ Sosiọ́lọ́jì, Alájọ àti "A Dúpẹ́"

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀ẹ̀mejì ni alámòójútó mi ti dá àbá ìwádìí mi padà. Àkòrí rẹ̀ ni "Àjọ Dídá àti Ìgbé Ayé Àwọn Obìnrin ní Nàìjíríà". Wọ́n ní ó ti fẹ̀ jù. Kí ni kí n gé kúrò? (Akẹ́kọ̀ọ́ M.Sc., Ìbàdàn)

Ìdáhùn: Ẹ má tíì gé nǹkan kan. Ìbéèrè ni kò sí níbẹ̀. Ẹ kọ ọ́ ní gbólóhùn kan tó ní àmì ìbéèrè nídìí, tó dárúkọ àwọn ènìyàn kan àti ibì kan: "Kí ló dé tí àwọn aláta ọjà Bódìjà fi ń kówó fún alájọ nígbà tí wọ́n ní àkáǹtì ní báńkì?" Èyí, ẹ lè gbé e lọ sọ́jà lọ́la kí ẹ sì bá ìdáhùn bọ̀.

Ẹ tún ya àjọ kúrò lára èésú. Alájọ ń gba iye kan náà lójoojúmọ́. Tí oṣù bá parí, yóò kó owó fún olówó, yóò sì mú ti ọjọ́ kan fún iṣẹ́ rẹ̀. Èésú ní tirẹ̀, ẹgbẹ́ ló ń dá a, ẹnì kan á kó gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, títí yóò fi kárí. Obìnrin kan lè sọ fún yín pé alájọ gbówó sá lọ, kí èkejì sọ pé ẹni tó kọ́kọ́ kó èésú kò dá mọ́. Bí ẹ bá pe méjèèjì ní "àìfọkàntán" lásán, orí kẹrin àpilẹ̀kọ yín yóò máa ta ko ara rẹ̀. Nínú èkíní, ẹnì kan ṣoṣo ni gbogbo wọn gbára lé. Nínú èkejì, wọ́n ń ṣọ́ ara wọn ni.

Òótọ́ ni pé àpilẹ̀kọ tí N. A. Fadipe, onímọ̀ sosiọ́lọ́jì, kọ ní Yunifásítì Lọ́ńdọ́nù ní 1939 kárí gbogbo ilẹ̀ Yorùbá. Oyè ọ̀mọ̀wé ló fi gbà, M.Sc. kò fún yín láyè tó bẹ́ẹ̀.

Ìbéèrè: Ọ̀rẹ́ mi ní dandan ni kí n lo ìlànà ìṣirò tí wọ́n ń pè ní Yamane láti mọ iye ènìyàn tí màá fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? (Akẹ́kọ̀ọ́, Adó-Èkìtì)

Ìdáhùn: Rárá. Ìwé ìbéèrè tí a ń pín ló wà fún, níbi tí a bá ti mọ iye gbogbo àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn. Ká ní ọmọ ẹgbẹ́ jẹ́ 1,200, tí ẹ sì gba àṣìṣe 0.05 (márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún) láyè: 0.05 lọ́nà 0.05 jẹ́ 0.0025, lọ́nà 1,200, ó di 3, ẹ fi 1 kún un, ó di 4, ẹ fi 4 pín 1,200, ó jẹ́ 300. Iye ló fún yín, kò yan ènìyàn fún yín. Inú ìwé orúkọ ẹgbẹ́ ni kí ẹ ti ṣà wọ́n láìwojú. Ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ọjà tó ń há ìwé fún ẹni tó bá ń kọjá, 300 yẹn kò lè gbà á sílẹ̀.

Fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ẹ kọ 20 sí 30 sínú àbá. Tí ẹni mẹ́ta bá sọ̀rọ̀ tẹ̀lé ara wọn tí ohun tuntun kò jáde, ẹ lè dúró, bí àwọn tó ti ṣíwọ́ àjọ bá ti wà lára àwọn tí ẹ bá sọ̀rọ̀. Àwọn wọ̀nyẹn ni akẹ́kọ̀ọ́ máa ń fò, nítorí alájọ tó ń mú yín kiri ọjà kò ní mú yín dé ìsọ̀ ẹni tó bínú kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ìbéèrè: Yorùbá ni àwọn ọlọ́jà fi ń dá mi lóhùn, Gẹ̀ẹ́sì ni màá fi kọ àpilẹ̀kọ. Ṣé mo lè máa túmọ̀ ọ́ bí mo ṣe ń gbọ́ ọ nínú fóònù? (Akẹ́kọ̀ọ́, Èkó)

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Ẹ bi ìyá aláta pé, "Mà, ṣé ọjà ń tà?" Wọ́n ní, "A dúpẹ́." Akẹ́kọ̀ọ́ á kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọjà ń tà dáadáa. Ìyá kò sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò tíì tajé láti àárọ̀ náà yóò dúpẹ́, nítorí kò fẹ́ fẹnu ara rẹ̀ pe òfò. Ẹ béèrè síwájú: "Apẹ̀rẹ̀ mélòó lẹ gbé wá, mélòó ló kù?" Bí wọ́n bá tún ní, "Bàbá wọn ò mọ̀ sí àjọ yìí," ọkọ wọn ni wọ́n ń sọ. Ẹni tó bá túmọ̀ rẹ̀ ní ṣákálá yóò kọ "bàbá àwọn kan" sílẹ̀, kókó tó níye lórí jù lọ yóò sì bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ẹ kọ Yorùbá rẹ̀ tán ná, pẹ̀lú àmì ohùn. Ẹ pín ojú ewé sí méjì, Yorùbá lápá òsì, Gẹ̀ẹ́sì lápá ọ̀tún. Ohùn wákàtí kan lè gba wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà, pàápàá nínú ariwo ọjà, nítorí náà ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà tàbí lọ́jọ́ kejì, nígbà tí ẹ ṣì rántí. Ẹ fún ẹlòmíràn tó gbọ́ Yorùbá dáadáa ní ojú ewé mẹ́ta láti túmọ̀. Ibi tí tiyín àti tirẹ̀ bá ti yàtọ̀, ẹ padà lọ gbọ́ ohùn níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ bí "alájọ" dúró ní Yorùbá nínú àpilẹ̀kọ, kí ẹ ṣàlàyé rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Kí ẹ tó tan fóònù láti gba ohùn ẹnikẹ́ni, ẹ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ìlànà ìwádìí ní ilé ìwé yín. Àṣẹ ìyálọ́jà nìkan kò tó. Ẹ bi ẹni tó jókòó nídìí ata fúnra rẹ̀ bóyá ó gbà, kí ẹ sì yí orúkọ rẹ̀ padà kí fáìlì náà tó kúrò lọ́wọ́ yín.