Akọrin wa ti lọ, ó ń fi orúkọ ẹgbẹ́ wa ṣeré: ta ló ni orúkọ náà?

ÌBÉÈRÈ: Lọ́yà wa, ẹ kú iṣẹ́. Àwa márùn-ún la dá ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì sílẹ̀ nígbà tí a wà ní yunifásítì l'Ágọ̀ọ́-Ìwòyè. Onílù wa ti lọ sí Kánádà, ẹni tó ń tẹ dùùrù ti di pásítọ̀, a sì ti fi ẹlòmíì rọ́pò wọn. Lọ́dún tó kọjá ni ẹni tó ń lé orin bínú kúrò nítorí owó. Ní báyìí ó ti kó àwọn ọmọ kan jọ, orúkọ wa ló ń lò. Pósítà rẹ̀ wà káàkiri Ìjẹ̀bú-Òde pé ẹgbẹ́ wa ń bọ̀ wá ṣeré lẹ́yìn Ojúde Ọba. Ó ní òun lòun ronú orúkọ náà. Ẹnì kan tilẹ̀ ti fi WhatsApp kọ̀wé sí mi pé kí n dá àsansílẹ̀ òun padà, owó tí mi ò fojú kàn. Ṣé a lè dá a dúró? Àti pé nígbà tó jẹ́ pé èmi àti onígìtá kejì nìkan ló kù nínú àwa márùn-ún, ṣé àwa gan-an ṣì lẹ́tọ̀ọ́ sí i? — Onígìtá báàsì, Ìjẹ̀bú-Òde

ÌDÁHÙN: Ẹ lè dá a dúró, bí ẹ bá yára. Ẹ sì lè máa jẹ́ orúkọ yín lọ, pé ẹ ku méjì kò pa yín lára.

Nídìí fújì, irú ọ̀rọ̀ báyìí kì í sábà dìjà, torí orúkọ ọ̀gá ló wà lára pósítà. Bí Adewale Ayuba, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ ní Rẹ́mọ, bá pààrọ̀ gbogbo onílù rẹ̀ lálẹ́ òní, Ayuba náà làwọn èèyàn máa wá wò lọ́la. Ẹ̀yin olórin rọ́ọ̀kì lẹ máa ń wá orúkọ kan tí kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni, tí gbogbo yín á jọ wọ inú rẹ̀, tí kálukú á sì máa sọ nínú ọkàn rẹ̀ pé tòun ni. Lọ́jọ́ tí ìjà bá dé, kò sí ìwé kankan nílẹ̀.

Ẹgbẹ́ tí mo máa ń ní kí àwọn oníbàárà mi wò ni Deep Purple, àwọn òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì tó bẹ̀rẹ̀ ní 1968. Rod Evans ló ń lé orin, Ritchie Blackmore ń ta gìtá, Jon Lord wà nídìí ọ́gàànù, Nick Simper di báàsì mú, Ian Paice ń lùlù. Lọ́dún 1969 wọ́n yọ Evans àti Simper, wọ́n mú Ian Gillan àti Roger Glover wọlé. Àwọn márùn-ún yìí ló ṣe àwo Machine Head tó jáde ní 1972, àwọn náà lọ̀pọ̀ èèyàn ń rí lójú bí wọ́n bá ti dárúkọ Deep Purple. Ní 1973, Gillan àti Glover lọ; David Coverdale àti Glenn Hughes dé. Ní 1975, Blackmore fúnra rẹ̀ lọ, Tommy Bolin gba gìtá. Ọdún kan lẹ́yìn náà, ẹgbẹ́ tú ká. Wọlé-jáde yìí pọ̀ débi pé nọ́ńbà làwọn olólùfẹ́ wọn fi ń pe sáà kọ̀ọ̀kan: Mark I, Mark II, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n tún kóra jọ ní 1984, wọ́n tún jà, Gillan lọ ó sì padà, Blackmore lọ pátápátá ní 1993, Lord náà fẹ̀yìn tì ní 2002. Ian Paice onílù nìkan ni kò kúrò láti ọjọ́ kìíní. Síbẹ̀, kò sẹ́ni tó sọ pé ẹgbẹ́ náà ò lè máa jẹ́ Deep Purple mọ́.

Ibi tó kàn yín gan-an ni ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 1980. Ẹgbẹ́ ti tú ká láti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn nígbà náà. Àwọn kan ní Amẹ́ríkà lọ bá Rod Evans, wọ́n kó àwọn olórin tí kò bá Deep Purple ṣeré rí tì í, wọ́n sì ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ní orúkọ Deep Purple. Evans kì í ṣe àjèjì sí orúkọ yẹn o! Ohùn rẹ̀ ló wà nínú àwo mẹ́ta àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n Blackmore àti Gillan làwọn tó sanwó ń retí, wọn ò sì rí wọn. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣeré ní Long Beach, Kalifọ́níà, lóṣù kẹjọ, àwọn tó ń bójú tó Deep Purple polówó nínú ìwé ìròyìn, wọ́n to orúkọ àwọn tí kò ní sí lórí pèpéle lẹ́sẹẹsẹ, kí àwọn aráàlú lè mọ̀. Ọ̀rọ̀ dé kóòtù, wọ́n sì ní kí Evans àtàwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ san 672,000 dọ́là. Jíjẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ kò gbà á sílẹ̀. Akọrin yín náà tó ní òun lòun ronú orúkọ, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán nìyẹn. Ohun tí kóòtù máa bi í ni pé ta làwọn èèyàn ń retí nígbà tí wọ́n rí orúkọ yẹn lára pósítà, ta ló sì ti ń fi ṣeré láìdáwọ́ dúró.

Ti ilé wa níbí náà wà. BLO, àwọn olórin rọ́ọ̀kì Èkó lẹ́yìn ogun abẹ́lé, orúkọ ara wọn ni wọ́n gé pọ̀: Berkely, Laolu, Odumosu (Odumosu yìí kò sì ṣàjèjì létí Ìjẹ̀bú). Nígbà tí Mike Odumosu fi wọ́n sílẹ̀ tó lọ bá ẹgbẹ́ olórin Osibisa, wọn ò gé O kúrò lára orúkọ. BLO náà ni wọ́n ń jẹ́ lọ. Ẹ fọkàn balẹ̀ lórí ìbéèrè yín kejì.

Ní ti òfin wa ní Nàìjíríà, ọwọ́ ẹni tó bá fi orúkọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí trademark, ìyẹn àmì òwò tí òfin dáàbò bò, l'Ábújá ló le jù. Ìsọ̀rí-ìsọ̀rí ni wọ́n pín iṣẹ́ sí níbẹ̀, ìsọ̀rí 41 ni ti eré àti ìdárayá. Ọdún méje ni ìforúkọsílẹ̀ àkọ́kọ́, bí ẹ bá tún un ṣe, ó di ọdún mẹ́rìnlá. Kí wọ́n tó fún ẹnikẹ́ni, wọ́n á tẹ orúkọ náà jáde, ẹni tó bá fẹ́ takò ó ní oṣù méjì. Ìdí tí mo fi ní kí ẹ yára nìyẹn. Bí ó bá ṣáájú yín débẹ̀, ẹ̀yin lẹ máa wá máa sáré kọ àtakò. Ìwé CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ iléeṣẹ́ sílẹ̀, tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń nà sí mi lójú kò tó o. Ó fi hàn pé ẹ ń ṣòwò ní orúkọ yẹn ni, kò sọ ọ́ di trademark.

Bí ẹ ò bá tíì forúkọ náà sílẹ̀ l'Ábújá, ẹ ṣì lẹ́jọ́. Òfin kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti máa ta ọjà tirẹ̀ bí ẹni pé ti ẹlòmíì ni. Passing off làwa lọ́yà ń pè é. Ẹ óò fi hàn pé àwọn èèyàn mọ̀ yín mọ́ orúkọ náà, pé ohun tó ń ṣe lè ṣì wọ́n lọ́nà, àti pé ó ti ń pa yín lára. Ẹ kó pósítà àtijọ́, rìsíìtì gbọ̀ngàn, fídíò àti fọ́tò tó ní déètì jọ, láti Àgọ́-Ìwòyè títí di ìsinsìnyí. Ẹ ya fọ́tò pósítà tuntun yẹn níbi tí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́, kí òjò tó fà á ya.

Orin lọ́tọ̀, orúkọ lọ́tọ̀. Èyí tó bá kọ pẹ̀lú yín, ìpín rẹ̀ wà níbẹ̀ títí tó fi máa kú, àti àádọ́rin ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀ fún àwọn ajogún. Ẹ má tìtorí ìjà yọ orúkọ rẹ̀ kúrò lára orin lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ̀yin lẹ máa jẹ̀bi. Ó tún lè kọ ọ́ sára pósítà pé òun ti fìgbà kan rí jẹ́ akọrin ẹgbẹ́ yín, bí kò bá kọ ọ́ ní lẹ́tà kékeré sábẹ́ orúkọ yín gàdàgbà.

Lọ́sẹ̀ yìí, kí lọ́yà kọ lẹ́tà sí i, kí ẹ̀dà rẹ̀ dé ọwọ́ ẹni tó ni gbọ̀ngàn náà. Onígbọ̀ngàn kì í fẹ́ràn wàhálà lásìkò Iléyá. Ẹ pààrọ̀ password Facebook àti Instagram tí òun náà mọ̀. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pẹ̀lẹ́tù, láìbú u, pé ẹgbẹ́ yín kò ní eré kankan lọ́jọ́ yẹn, kí ẹ dárúkọ àwọn tó wà nínú ẹgbẹ́. Onílù àti olùtẹ̀-dùùrù tuntun yín ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí wọ́n tọwọ́ bọ̀wé báyìí pé ẹgbẹ́ ló ni orúkọ, ẹni tó bá lọ kò ní gbé e lọ.

Ẹni tó ń béèrè àsansílẹ̀ yẹn, ẹ má pa iṣẹ́ tó fi ránṣẹ́ rẹ́. Ẹ fèsì fún un pẹ̀lú ìkọ̀wé pé ẹ ò gba owó lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì bẹ̀ ẹ́ kó fi ẹ̀rí ibi tó san án sí ránṣẹ́. Kò sí ẹ̀rí tí ẹ ní tó lágbára tó èyí, torí ó fi hàn pé ó ti ṣi ẹnì kan lọ́nà.