Ìbéèrè yín: sọ́fúwíà tí mo lè dá àyè tèmi sí

ÌBÉÈRÈ

Olóòtú ọ̀wọ́n, olùkọ́ orin ni mí, akẹ́kọ̀ọ́ mi sì tó ogójì. Nọ́ńbà wọn wà nínú fóònù mi, àkókò ẹ̀kọ́ wọn wà nínú kàlẹ́ńdà, ṣùgbọ́n ohun èlò tí olúkúlùkù ń kọ́, orin tó ń ṣe lọ́wọ́ àti oṣù tó sanwó kẹ́yìn wà káàkiri inú ìwé mẹ́ta. Mo fẹ́ sọ́fúwíà kan ṣoṣo tí yóò kó gbogbo rẹ̀ pọ̀, tí mo sì lè fi ọwọ́ ara mi dá àyè (ìyẹn ibi tí a ń kọ oríṣi ìsọfúnni kan sí) tí mo bá fẹ́ sí, nítorí pé èyí tí fóònù fún mi kò kọjá orúkọ, nọ́ńbà, íméèlì, àdírẹ́sì àti ọjọ́ ìbí. Àwọn ènìyàn ti dárúkọ oríṣiríṣi fún mi títí orí mi fi dàrú. Kí ni kí n wò kí n tó yan ọ̀kan?
Olùkọ́ Orin

ÌDÁHÙN

A dúpẹ́ lọ́wọ́ yín, Olùkọ́. Ẹ jẹ́ kí orúkọ sọ́fúwíà dúró ná. Ẹ kọ́kọ́ mú bébà, kí ẹ kọ àwọn ìbéèrè tí ẹ fẹ́ kí àkọsílẹ̀ yín máa dáhùn: ta ni kò tíì san owó oṣù yìí, àwọn wo ló ń kọ́ gìtá ní Ọjọ́rú, ta ló ti wà lórí orin kan náà láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Àyè tí kò bá wúlò fún ọ̀kan nínú irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, ẹ má dá a. Nígbà tí èmi fúnra mi kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, àyè méjìlélógún ni mo dá sílẹ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n kí oṣù kan tó parí, márùn-ún péré ni mo ṣì ń kọ nǹkan sí.

Ẹ wá wo irú àyè tí sọ́fúwíà náà lè dá, nítorí pé ibẹ̀ gan-an ni ìyàtọ̀ wà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń sọ pé ènìyàn lè dá àyè tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ àyè ọ̀rọ̀ lásán ni wọ́n ń fúnni. Google Contacts, fún àpẹẹrẹ, gbà kí ẹ fi àyè kún àkọsílẹ̀ ẹnì kan kí ẹ sì sọ ọ́ ní orúkọ tó wù yín, ṣùgbọ́n ohunkóhun tí ẹ bá kọ síbẹ̀, ọ̀rọ̀ ni ó kà á sí. Bí ẹ bá kọ ọjọ́ ìsanwó sí i, kò lè to àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti orí ẹni tó ti pẹ́ jù tó ti sanwó. Bí ẹ bá sì kọ “dùùrù” lónìí, tí ẹ kọ “Duru” lọ́la, tí ẹ tún kọ “piano” lọ́tùn-únla, ohun èlò mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n jẹ́ lójú rẹ̀. Ẹ wá èyí tó ní àyè ọjọ́, àyè nọ́ńbà, àyè bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, àti àyè tí a ti máa ń mú ọ̀kan nínú ohun tí a ti tò sílẹ̀. Outlook, sọ́fúwíà íméèlì Microsoft, ti orí Windows ti ní ọ̀pọ̀ nínú wọn láti ẹ̀dà 1997, àmọ́ ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá èyí tó wà lọ́wọ́ yín ṣì ní in.

Èyí tí mo kà sí pàtàkì jù fún iṣẹ́ yín ni àyè tó ń so àkọsílẹ̀ kan mọ́ òmíràn. Bí ọmọ ìyá méjì bá ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ yín, tí òbí kan ṣoṣo ń sanwó fún àwọn méjèèjì, kò yẹ kí ẹ tẹ nọ́ńbà òbí náà lẹ́ẹ̀mejì, nítorí lọ́jọ́ tó bá pààrọ̀ nọ́ńbà, ọ̀kan ni ẹ óò rántí tún ṣe. Airtable àti Notion, àwọn sọ́fúwíà orí íntánẹ́ẹ̀tì tí a fi ń to àkọsílẹ̀ sínú tébù, ní irú àyè yìí. LibreOffice Base náà lè ṣe é, ọ̀fẹ́ ni, orí kọ̀ǹpútà yín ni gbogbo rẹ̀ sì wà, ṣùgbọ́n ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ óò ya tébù rẹ̀ àti fọ́ọ̀mù rẹ̀, iṣẹ́ náà kì í sì í ṣe kékeré.

Wàyí o, ẹ rò ó bí ẹ óò ṣe jáde kí ẹ tó wọlé. Àwọn tó fẹ́ràn Lotus Agenda, sọ́fúwíà àkọsílẹ̀ tó jáde ní 1988, àti àwọn tó lo Ecco Pro, tí iṣẹ́ lórí rẹ̀ dúró ní 1997, rí i bí sọ́fúwíà tí wọ́n fi ọkàn tán ṣe di ohun tí ẹnikẹ́ni kò tún bójú tó mọ́. Microsoft ra Wunderlist, sọ́fúwíà tí a fi ń to iṣẹ́ tí a fẹ́ ṣe, ní 2015, ó sì pa á tì ní oṣù karùn-ún 2020. Ìdí nìyí tí mo fi ń bi sọ́fúwíà kọ̀ọ̀kan léèrè pé: báwo ni àyè tí mo fọwọ́ ara mi dá yóò ṣe bá mi jáde?

Ọ̀nà méjì ló wọ́pọ̀ láti kó àkọsílẹ̀ jáde. Fáìlì vCard, irú fáìlì tí fóònù fi ń pín àkọsílẹ̀ ẹnì kan, tí ìlànà rẹ̀ tuntun, RFC 6350, jáde ní 2011, mọ orúkọ, nọ́ńbà àti àdírẹ́sì dáadáa. Àyè tí ènìyàn bá dá fúnra rẹ̀ máa ń gbé orúkọ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “X-”, sọ́fúwíà tó gba fáìlì náà sì lẹ́tọ̀ọ́ láti má kà á sí rárá. “Ohun èlò orin” yín lè sọnù lójú ọ̀nà láìsí ìkìlọ̀ kankan. CSV, fáìlì ọ̀rọ̀ tí a fi kọ́mà ya àyè kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì, ní tirẹ̀ sábà máa ń kó gbogbo àyè jáde, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ lásán ni gbogbo wọn á padà dà, ìsopọ̀ àárín òbí àti ọmọ á já, àwòrán kì í sì í bá a jáde. Bí ẹ bá fi Excel ṣí i, òdo iwájú nọ́ńbà fóònù sábà máa ń pòórá, 03/04 sì lè di ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin tàbí ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta. Ẹ kúkú máa kọ ọjọ́ báyìí, 2025-04-03, gẹ́gẹ́ bí ISO 8601, ìlànà àgbáyé fún kíkọ ọjọ́, ti wí.

Ẹ dán an wò pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún péré. Kí nọ́ńbà ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òdo, kí àlàyé ọ̀kan ní ìlà mẹ́ta àti àmì kọ́mà, kí orúkọ ọ̀kan ní àmì ohùn lórí àti àmì nísàlẹ̀. Èyí ìkẹyìn kò gbọ́dọ̀ yẹ̀, nítorí pé ju ọ̀nà kan lọ ni kọ̀ǹpútà lè gbà to “ẹ́” jọ, wọ́n á jọra lójú wa, síbẹ̀ sọ́fúwíà tí kò mọṣẹ́ á wá orúkọ náà tì. Ẹ kó wọn jáde, ẹ pa wọ́n rẹ́, ẹ tún kó wọn wọlé. Èyí tí kò bá padà bọ̀ ni kí ẹ fi ṣe ìdájọ́.

Tí mo bá wà ní ipò yín, Airtable ni màá kọ́kọ́ dán wò nítorí àyè ìsopọ̀ yẹn, màá sì máa kó CSV jáde lóṣooṣù sí kọ̀ǹpútà mi. Ó ṣeé ṣe kí àwọn ọmọdé wà lára akẹ́kọ̀ọ́ yín, nítorí náà ohun tí iṣẹ́ kò bá nílò nípa wọn, ẹ má kọ ọ́ sí orí íntánẹ́ẹ̀tì rárá.

ÌBÉÈRÈ

Ọdún mẹ́rin ni mo fi ń kọ gbogbo nǹkan nípa ẹnì kọ̀ọ̀kan sínú àyè “Notes”, ìyẹn àyè àlàyé. Ṣé mo lè pín in sí àyè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ láì tún un tẹ̀?

ÌDÁHÙN

Ó ṣeé ṣe, bí ó bá jẹ́ pé àmì kan náà, bíi kọ́mà, ni ẹ fi ń ya ohun kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ jáde ní CSV, kí ẹ sì lo “Text to Columns” nínú Excel. Bí àmì náà kò bá dọ́gba, ẹ fọwọ́ tún ti àwọn tí ẹ bá ní àjọṣe láàárín ọdún kan ṣe, kí ẹ fi ti àwọn yòókù sílẹ̀. Ẹ má pa “Notes” àtijọ́ rẹ́ títí ẹ óò fi lo àyè tuntun náà fún oṣù mélòó kan.