Iṣẹ́ ìwádìí mi kò tíì parí: báwo ni kí n ṣe kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù Píẹ́ẹ̀dì?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Máásítà ni mò ń ṣe lọ́wọ́ nínú ìmọ̀ oúnjẹ, iṣẹ́ mi sì dá lórí sáyánáìdì, májèlé inú gbágùúdá, tó máa ń ṣẹ́ kù sínú gàrí. Gàrí 40 ni mo fẹ́ yẹ̀ wò. 26 ni mo ti ṣe kí kẹ́míkà tó tán ní yàrá àyẹ̀wò wa. Èmi àti alábòójútó mi tún ti fi àpilẹ̀kọ kan, lórí ọ̀nà tí a fi ń wọn sáyánáìdì náà, ránṣẹ́ sí jọ́nà kan, ìyẹn ìwé tí wọ́n ti ń tẹ iṣẹ́ ìwádìí jáde, láti oṣù Kẹfà, wọn kò sì tíì dá wa lóhùn. Mo fẹ́ ṣe Píẹ́ẹ̀dì ní Amẹ́ríkà, 15 oṣù Kejìlá sì ni gbèdéke fọ́ọ̀mù wọn. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n kọ ọ́ pé jọ́nà ti gba àpilẹ̀kọ náà, pé kò sẹ́ni tí yóò wádìí. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ má gba ìmọ̀ràn ọ̀rẹ́ yín yẹn. Wọ́n máa ń wádìí, ẹni tó sì lè tú àṣírí náà fún wọn láìmọ̀ ni alábòójútó yín gan-an. Mo ti jókòó rí níbi tí a ti ń ka fáìlì akẹ́kọ̀ọ́ kan tó kọ ọ́ pé jọ́nà ti gba iṣẹ́ òun, tí lẹ́tà olùkọ́ rẹ̀, nínú fáìlì kan náà, sì ń sọ pé àwọn ń múra láti fi í ránṣẹ́. Ẹnikẹ́ni kò bínú; fáìlì tó kàn la kàn ṣí. Ohun tó dùn mí ni pé iṣẹ́ náà, bó ṣe wà gẹ́lẹ́, ì bá ti tó láti gbè é, nítorí ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n ń gbà sí Píẹ́ẹ̀dì ni kò tíì ní àpilẹ̀kọ kankan nínú jọ́nà.

Nínú CV yín, ẹ pe ìpele kọ̀ọ̀kan ní orúkọ rẹ̀. Bí àpilẹ̀kọ bá ti dé ọ̀dọ̀ olóòtú, tí kò sì tíì gbé e fún àwọn olùyẹ̀wò, "submitted" ni. Ọjọ́ tó bá dé ọwọ́ wọn ló di "under review", ẹ ó sì rí i bí ẹ bá wọ ojú ìwé tí ẹ ti fi í ránṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ má sún mọ́ "accepted" àfi bí lẹ́tà olóòtú bá wà lọ́wọ́ yín. Ní tèmi, n kì í fẹ́ rí orúkọ jọ́nà lára iṣẹ́ tí wọn kò tíì gbà, nítorí ẹnikẹ́ni ló lè fi nǹkan ránṣẹ́ sí jọ́nà ńlá. Àwọn kan tún máa ń kọ "in preparation" síwájú àkọlé mẹ́rin tí kò sí níbì kankan ju inú orí wọn lọ. Ohun tí mo máa ń bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni pé, bí ọ̀jọ̀gbọ́n kan bá kọ̀wé láàárọ̀ ọ̀la pé kí ẹ jẹ́ kí òun rí i, ṣé ohun kan wà tí ẹ lè fi ránṣẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú? Bí kò bá sí, ẹ yọ ọ́.

Inú lẹ́tà tí ẹ ó fi ṣàlàyé ìdí tí ẹ fi fẹ́ kẹ́kọ̀ọ́ ni gàrí 26 yẹn yóò ti wúlò jù. Ẹ má kọ ọ́ pé ìwádìí yín ti fi ohunkóhun múlẹ̀. Ẹ kọ irú èyí, ní Gẹ̀ẹ́sì tiyín: "Mo fẹ́ mọ̀ bóyá iye ọjọ́ tí gbágùúdá tí a rin fi kan nínú àpò kí a tó yan án ló ń pinnu bóyá gàrí yóò bọ́ sábẹ́ òṣùwọ̀n Codex, ìlànà oúnjẹ àgbáyé, ìyẹn mílígíráàmù sáyánáìdì 2 nínú kílò kan. Mo ti yẹ 26 wò nínú 40. Èyí tó pọ̀ jù nínú 14 tó kù ló jẹ́ gàrí tó kan fún ọjọ́ kan péré, nítorí náà n kò tíì lè fi wọ́n wé àwọn yòókù." Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn, tó dà bí ìjẹ́wọ́, ni ẹni tó mọ iṣẹ́ yóò fa ìlà sí nídìí, nítorí ó fi hàn pé ẹ mọ ibi tí agbára dátà yín mọ.

Ìdí tí iṣẹ́ fi dúró kò ju gbólóhùn kan lọ. Bí ìyanṣẹ́lódì bá wà nínú rẹ̀, ẹ má rò pé ará Amẹ́ríkà mọ ASUU: ẹni tó wà ní yunifásítì ìjọba ní 2022 lè kọ ọ́ pé ìyanṣẹ́lódì ti ilé ẹ̀kọ́ pa láti oṣù Kejì títí di oṣù Kẹwàá, kí ó sì bọ́ síwájú. Bí wọ́n bá béèrè àpẹẹrẹ ohun tí ẹ ti kọ, orí kan tó dá dúró tó, pẹ̀lú "draft" àti déètì lókè rẹ̀. Bí wọn kò bá béèrè, ẹ má fi kún un.

Kí alábòójútó yín tó kọ lẹ́tà tirẹ̀, ẹ fi CV náà hàn án, kí ọ̀rọ̀ ẹ̀yin méjèèjì lè bára mu. Ní ti máásítà, ẹ kọ ọ́ pẹ̀lú "expected" àti oṣù tí ẹ retí láti parí. Fọ́ọ̀mù máa ń béèrè gbogbo ilé ẹ̀kọ́ tí ènìyàn ti wọ̀, fífi í pamọ́ sì burú ju àìparí rẹ̀ lọ, pàápàá nígbà tó jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ẹ̀ka ní Amẹ́ríkà ló ń gba ẹni tó ní oyè àkọ́kọ́ ọlọ́dún mẹ́rin tààrà sí Píẹ́ẹ̀dì.

Bí jọ́nà bá wá dáhùn ní oṣù Kìíní, lẹ́yìn tí fọ́ọ̀mù ti wọlé, ẹ kọ ímeèlì onílà méjì sí ọ́fíìsì ìgbaniwọlé, kí ẹ so lẹ́tà olóòtú mọ́ ọn. Ẹ lè wá dárúkọ jọ́nà nígbà náà.