Ẹ má fi eré ka Àfarawé Kristi

Ẹ kú ọjà o, màmá wa ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ẹ ní orí kan lójúmọ́ lẹ̀ ń kà nínú Àfarawé Kristi, ìwé ìfọkànsìn tí Thomas à Kempis kọ, àti pé láti ìgbà tẹ́ ẹ ti ń sún mọ́ òpin ìwé kìíní ni ọkàn yín ti wúwo. Ẹ wá ń bi wá bóyá kẹ́ ẹ fi kún un.

Rárá o, ẹ dín in kù. Àwọn olùkọ́ Bíbélì tó ń pín ìlànà kíkà onígbà-díẹ̀ ló ń kó bá èèyàn. Mi ò mọ ibi tí wọ́n ń sáré lọ. Ìwé mẹ́rin ló wà nínú Àfarawé Kristi: orí 25, 12, 59 àti 18. Kì í ṣe ìtàn. Ìlà mẹ́rin márùn-ún láàárọ̀ ti tó. Ẹ kà á sókè, ẹ tún un kà, kẹ́ ẹ wá mú ohun kan ṣoṣo tẹ́ ẹ máa ṣe kílẹ̀ tó ṣú. Orí 16 ìwé kìíní, bí àpẹẹrẹ, ní ká máa fara da àlébù ọmọnìkejì. Ẹ dárúkọ oníbàárà kan tàbí ará ìsọ̀ kejì nínú ọkàn yín. Bí kò bá ti lórúkọ, ẹnu lásán ni.

Ọkàn tó wúwo yẹn ńkọ́? Láti orí 20 dé 24 ìwé kìíní, ọ̀rọ̀ ìdánìkanwà, omijé ẹ̀ṣẹ̀, ìṣẹ́ ayé, ikú àti ìdájọ́ ló tò léra wọn. Ẹni tó bá kà á ní àkàtẹ̀lé á bẹ̀rẹ̀ sí í kórìíra ara rẹ̀. Ẹni tó ti gba ibẹ̀ kọjá ló ń sọ fún yín. Àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ anìkàndágbé ni Thomas ń bá wí, nítòsí Zwolle ní Netherlands, ní ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún. Wọ́n ní agogo àdúrà, wọ́n ní àwọn arákùnrin lọ́tùn-ún lósì, wọ́n sì ní àlùfáà tó ń gbọ́ ìjẹ́wọ́ wọn. Ẹ̀yin nìkan lẹ jókòó tì í nídìí ìsọ̀. Nítorí náà, ẹ ka orí kan níbẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kẹ́ ẹ sì máa fi orí 5 ìwé kẹta, ti ìfẹ́ Ọlọ́run, tì í lẹ́yìn. Bí oúnjẹ ò bá wọlé mọ́, tí oorun ò kùn yín, ẹ pa ìwé dé, ẹ lọ rí dókítà. Kí wòlíì kankan má sọ pé ìrònúpìwàdà ni.

Bẹ́ẹ̀ náà ni orí 11 àti 12 ìwé kejì, ti àgbélébùú. Òun ni wọ́n máa ń gbá mọ́ orí obìnrin tí ọkọ ń nà. Ẹni tó ń nani, tàbí tó jẹ gbèsè tí kò san, kì í ṣe àgbélébùú. Ẹ pe ẹbí, ẹ pe ọlọ́pàá. Àlùfáà tó bá ní kẹ́ ẹ rọ́jú, ẹ bi í bóyá òun náà á bá yín gbé e.

Orí 23 ìwé kẹta ló wúlò jù fún ẹni tó ń ná owó: ṣe ìfẹ́ ẹlòmíì ju tìrẹ lọ, yan kékeré ju púpọ̀ lọ, wá ipò ìsàlẹ̀, máa gbàdúrà pé kí ìfẹ́ Ọlọ́run ṣẹ. Èkejì yẹn ló ń le fún wa bí Ojúde Ọba bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀ tí rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ ń mú aṣọ. Ẹ bá ẹgbẹ́ yín jáde, ṣùgbọ́n ẹ má fi owó èésú ra ìlẹ̀kẹ̀.

Tí ẹ bá fẹ́ ra ẹ̀dà míì, ẹ kọ́kọ́ ṣí ojú ewé tí wọ́n to àwọn orí sí. Bí kò bá pé 114, wọ́n ti gé e. Ìwé kẹrin, ti Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa, ni wọ́n sábà máa ń yọ.