Èsì: Ṣé Keshi ló kọ́kọ́ gba ife Áfíríkà lórí pápá àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá?

Rárá o, ẹ̀gbọ́n. Stephen Keshi ni ìkejì. Mahmoud El-Gohary ará Íjíbítì ló ṣáájú rẹ̀: ó gbà á ní 1959 gẹ́gẹ́ bí agbábọ́ọ̀lù, ó tún gbà á ní 1998 gẹ́gẹ́ bí akọ́nimọ̀ọ́gbá.

Àmọ́ tó bá jẹ́ àwọn tó ń gbá ẹ̀yìn nìkan lẹ̀ ń kà, Keshi ni àkọ́kọ́, torí iwájú ni El-Gohary ń gbá.

Balógun Nàìjíríà ni Keshi nígbà tí wọ́n gba ife ní Tunis lọ́dún 1994. Ní 2013, òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó kọ́ Super Eagles gba ife náà. Ibi tí mo ti fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀ jù nìyẹn: ó fi Joseph Yobo tó jẹ́ balógun sórí bẹ́ǹṣì, ó fi àárín ẹ̀yìn lé Godfrey Oboabona ti Sunshine Stars Àkúrẹ́ lọ́wọ́, àti Kenneth Omeruo, ọmọ ọdún 19. Ẹni tí kò gbá ẹ̀yìn rí ò ní láyà bẹ́ẹ̀, lójú tèmi. Àwọn ọmọ náà ò sì já a kulẹ̀. Burkina Faso ò rí góólù kankan jẹ ní àṣekágbá.

Ti Togo tí ẹ tún bèèrè, òótọ́ ni. Keshi ló mú wọn yege fún Ìdíje Àgbáyé 2006, àkọ́kọ́ irú ẹ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n Otto Pfister ni wọ́n gbé iṣẹ́ fún kí wọ́n tó lọ sí Jámánì. Ó ṣì ń dùn mí.