Ṣé mo lè fi apá tó ń ṣí tó ń pa dé sí ẹ̀yìn Porsche 944?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá ẹnjiníà. Ṣùúrùlérè ni mo ń gbé. Mo ní Porsche 944 ọdún 1986 kan. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló gbé e wọlé láti Jámánì, wọ́n sì ti fi lé mi lọ́wọ́. Ẹnjíìnì rẹ̀ ṣì ń dún dáadáa. Mo fẹ́ máa fi díje lórí pápá ìsáré, irú èyí tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń dá sáré tí wọ́n sì ń ka àkókò rẹ̀. Mo rí i pé àwọn mọ́tò tuntun ní apá ẹ̀yìn, pákó pẹlẹbẹ bí ìyẹ́ tó wà lókè búútù, tó ń dìde tó sì ń tẹ̀ fúnra rẹ̀. Wẹ́dà kan ní Ládípọ̀ ní òun lè ṣe é fún mi: ká dè é mọ́ ìdérí búútù, ká fi ẹ̀rọ gbọọrọ tí wọ́n fi ń yí díìṣì satẹ́láìtì máa gbé e sókè. Ṣé ó bọ́gbọ́n mu? Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n má dè é mọ́ ìdérí búútù, má sì lo ẹ̀rọ díìṣì. Màá ṣàlàyé méjèèjì. Kí n tó débẹ̀, jẹ́ kí n sọ ohun tí ẹni tó fẹ́ gbowó iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ kò ní sọ: apá tó ń mira ló yẹ kó kẹ́yìn nínú gbogbo ohun tí wàá ṣe sí mọ́tò yẹn. Èrè tó wà níbẹ̀ kò pọ̀ lórí ẹnjíìnì 2.5 lítà tó ní agbára ẹṣin 163 nígbà tó ṣì jẹ́ tuntun.

Iṣẹ́ apá ni kí atẹ́gùn lè máa tẹ mọ́tò mọ́lẹ̀, kí táyà lè di ilẹ̀ mú ní kọ́nà. Jẹ́ ká ṣírò ó. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, agbára tí atẹ́gùn fi ń tẹ apá mọ́lẹ̀ a di ìlọ́po mẹ́rin. Ká ní apá rẹ gùn ní mítà kan ààbọ̀, ó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 25, o sì dà á kọ dáadáa, ìyẹn ni pé etí ẹ̀yìn rẹ̀ ga ju ti iwájú lọ. Ní 80 km/h, ohun tó máa tẹ̀ mọ́lẹ̀ kò ju bíi kílò 13 lọ, bíi kẹ́ẹ̀gì lítà 25 tí omi inú rẹ̀ dé ìdajì. Ní 160 km/h, ó di kílò 52, àpò sìmẹ́ńtì kan àti díẹ̀. Ní 200 km/h, ó ti lé ní kílò 80. Ìyẹn bí atẹ́gùn bá dé bá a láìdàrú o, èyí tí kì í fi gbogbo ìgbà rí bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn òrùlé mọ́tò. Atẹ́gùn Èkó tó gbóná tó sì lọ́rinrin ni mo fi ṣírò rẹ̀. Ó fúyẹ́ ju atẹ́gùn 15°C tí àwọn òyìnbó fi ń ṣírò lọ ní bíi ìdá márùn-ún sí méje nínú ọgọ́rùn-ún, nítorí náà má gba iye tí wọ́n kọ sára páálí apá títà gbọ́ pátápátá.

Ìfàsẹ́yìn ni ẹ̀gbẹ́ kejì. Ní 200 km/h, apá tó dúró kọ bẹ́ẹ̀ yóò máa jẹ bí agbára ẹṣin mẹ́wàá. Bí o bá tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, wàá rí bíi mẹ́jọ gbà padà. Ẹ̀wẹ̀, agbára tí ìfàsẹ́yìn ń gbà ń di ìlọ́po mẹ́jọ bí eré bá di ìlọ́po méjì, torí náà ẹṣin mẹ́jọ lórí 163 kò ní fi ju bíi 3 km/h kún eré rẹ ní ìparí ọ̀nà tó tọ́. Ọ̀nà náà gbọ́dọ̀ gùn kó o tó débẹ̀ pàápàá. Táyà tuntun tó dára máa fún ọ jù bẹ́ẹ̀ lọ ní kọ́nà àkọ́kọ́.

Ṣé mo ti bà ọ́ lọ́kàn jẹ́? Má bínú. Mo mọ̀ pé ohun tó ń mira máa ń wuni.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níwájú mọ́tò ló ṣe pàtàkì jù, òun sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rò. Apá kì í jókòó sórí táyà ẹ̀yìn gan-an, ẹ̀yìn rẹ̀ ló máa ń wà. Láti táyà iwájú dé táyà ẹ̀yìn 944 jẹ́ mítà 2.4. Bí apá bá wà ní sẹ̀ǹtímítà 80 lẹ́yìn táyà ẹ̀yìn, kílò 52 tó bá tẹ̀ á di bíi 69 lórí táyà ẹ̀yìn, á sì gbé kílò 17 kúrò lórí táyà iwájú. Bí ìgbà tí àwọn ọmọdé ń ṣe jangirọ́fà ni: ìdí wálẹ̀, orí lọ sókè. O yí sítíárìn ní kọ́nà, mọ́tò ń lọ tààrà. Ìdí nìyẹn tí ètè iwájú fi gbọ́dọ̀ ṣáájú apá ẹ̀yìn. Pákó pẹlẹbẹ tó le, tó yọ jáde lábẹ́ bọ́ńpà, ti tó. Okùn irin méjì ni kó gbé e dúró, kó má tẹ̀. Bí géńdé kan kò bá lè dúró lórí rẹ̀ kí ó má mì, kò tíì ṣe tán.

Ohun mìíràn tún wà lára 944. Sípíríǹgì ẹ̀yìn rẹ̀ kì í ṣe kóìlì. Ọ̀pá irin tó ń lọ́ ni. Èyí tó bá a wá láti ilé iṣẹ́ rọ̀, torí mọ́tò ojú títì ni wọ́n ṣe é fún. Gbé kílò 70 lé e, ìdí á rì, imú á gbé sókè, ètè iwájú tó o ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe kò ní rí iṣẹ́ ṣe mọ́. Kọ́kọ́ jẹ́ kí wọ́n mú ọ̀pá yẹn le sí i, kí wọ́n sì bá ọ pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kì. Iṣẹ́ tó ń gba sùúrù ni, nítorí eyín ọ̀pá ni wọ́n ń yí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan láti fi mú ìdí mọ́tò ga tàbí kó wálẹ̀.

Ó yá, ká padà sí ìdérí búútù. Ti 944 kì í ṣe irin. Gíláàsì ńlá ni, tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ férémù tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹni tó bá ti tún 944 ṣe rí mọ̀ pé gọ́ọ̀mù yẹn máa ń tú bó bá ti dàgbà, kódà láìsí apá kankan lórí rẹ̀, ká má tíì sọ pé ó ti ń jẹ oòrùn Èkó. Òpó apá rẹ gbọ́dọ̀ gba inú ara mọ́tò kọjá lọ sórí férémù gígùn ìsàlẹ̀, níbi tí bọ́ńpà ẹ̀yìn ti so mọ́ ọn. Fi àwo irin sẹ́yìn bóòtì kọ̀ọ̀kan kó má fà ya. Mo ti rí apá kan tí wọ́n dè mọ́ ìdérí búútù pẹ̀lú sùkúrù pénpé. Ojú títì ló já sí, a dúpẹ́ pé ọ̀kadà kankan kò sí lẹ́yìn rẹ̀.

Àwọn ńlá pàápàá ti jìyà irú rẹ̀. Ní 1969, ní Montjuïc ní Barcelona, apá gíga tó wà lẹ́yìn mọ́tò Lotus méjèèjì wó nínú ìdíje Formula 1 kan ṣoṣo. Awakọ̀ wọn Graham Hill kọ́kọ́ fara gbá, Jochen Rindt sì tẹ̀ lé e. Nígbà tí wọ́n dé Monaco lẹ́yìn náà, wọ́n fòfin de àwọn apá gíga yẹn. Apá ẹ̀yìn tó ń mira kò padà sínú Formula 1 pẹ̀lú àṣẹ títí di 2011, nígbà tí DRS dé, ìyẹn àwẹ́ apá ẹ̀yìn tí awakọ̀ ń ṣí lórí ọ̀nà tó tọ́ kí ìfàsẹ́yìn lè dín kù. Nítorí náà, kí o tó ná kọ́bọ̀ kan, ka ìwé òfin ìdíje tó o fẹ́ wọ̀ dáadáa. Ọ̀pọ̀ ìpele ìdíje ló fòfin de apá tó ń mira, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n gba èyí tó dúró sójú kan láyè. Bí tìrẹ bá wà lára àwọn yẹn, ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀, owó rẹ sì wà lápò.

Ká ní wọ́n gbà á. Ẹni tó yẹ kó o kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ni Jim Hall ará Amẹ́ríkà. Mọ́tò ìdíje Chaparral 2E rẹ̀ ti 1966 ní apá gíga kan, pẹ́dà ni awakọ̀ fi ń darí rẹ̀. Tó bá tẹ pẹ́dà lórí ọ̀nà tó tọ́, apá á tẹ́ pẹrẹsẹ. Tó bá gbé ẹsẹ̀ kúrò, apá á padà sí ipò ìtẹ̀mọ́lẹ̀. Àti pé apá yẹn kò dá mira: ìdérí kan wà nínú ihò atẹ́gùn imú mọ́tò tó ń bá a ṣiṣẹ́ pọ̀, kí iwájú àti ẹ̀yìn lè máa fúyẹ́ pa pọ̀, kí wọ́n sì máa wúwo pa pọ̀. Gbogbo ọgbọ́n iṣẹ́ yìí wà nínú gbólóhùn kan yẹn. Bí ẹ̀yìn nìkan bá fúyẹ́ tí ètè iwájú ṣì ń tẹ̀, tí o bá wá kan kọ́nà báyìí, ẹ̀yìn mọ́tò á fẹ́ ṣáájú iwájú.

Bí mo bá máa ṣe é fún ọ, apá aláwẹ́ méjì ni màá ṣe, bí obì gbànja. Àwẹ́ ńlá iwájú kò ní mira rárá. Àwẹ́ kékeré ẹ̀yìn nìkan ni yóò máa ṣí. Nípa bẹ́ẹ̀, ohun tó ń yí padà kò pọ̀ jù fún mọ́tò láti gbà, ẹ̀rọ kékeré sì tó o. Ìdí àwẹ́ kékeré náà, ní etí ẹ̀yìn, ni kí ìdè rẹ̀ wà, kí ẹnu iwájú rẹ̀ máa là sókè. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, atẹ́gùn fúnra rẹ̀ ni yóò máa tì í pa dé bí ohunkóhun bá bàjẹ́.

Ibí yìí ni ẹ̀rọ díìṣì ti kùnà. Ó lọ́ra bí ìgbín, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló burú jù. Sùkúrù ló wà nínú rẹ̀: bí iná bá kú, ibi tó bá dé ló máa dúró sí, atẹ́gùn kò sì lè tì í. Bó bá jẹ́ pé apá ti ṣí sílẹ̀ ni, o ń bọ̀ wá sí kọ́nà láìsí ohun tó ń tẹ ẹ̀yìn mọ́tò mọ́lẹ̀. Ní Monza ní 2018, DRS mọ́tò Formula 1 tí Marcus Ericsson ń wà kò pa dé nígbà tó fẹ́ tẹ bíréèkì, mọ́tò rẹ̀ sì ta kìtì lọ sí ẹ̀gbẹ́ pápá. Ọlọ́run ṣe é, kò ṣèṣe. Ilé iṣẹ́ tó ní owó àti ẹnjiníà rẹpẹtẹ ni o.

Sílíńdà atẹ́gùn ni kó o wá, irú èyí tó ń ti ìgò lórí ẹ̀rọ ilé iṣẹ́. Èyí tí inú rẹ̀ fẹ̀ ní mìlímítà 32 yóò fi agbára bíi kílò 49 tì bí atẹ́gùn inú rẹ̀ bá jẹ́ bar 6. Fi sípíríǹgì sínú iṣẹ́ náà kó máa ti àwẹ́ pa dé nígbà gbogbo. Kí atẹ́gùn nìkan máa ṣí i. Bí páìpù bá já, tí iná bá kú, tí bọ́tìnì bá bàjẹ́, ó ti pa dé nìyẹn. Má gbàgbé fáàfù tó ń tú atẹ́gùn jáde lára táǹkì tó ń fún sílíńdà ní atẹ́gùn bó bá ti pọ̀ jù.

Ní ti wáyà, èmi kò fẹ́ kọ̀ǹpútà nínú ẹ̀ kankan. Àwọn ọmọ Computer Village á fẹ́ bá ọ kọ prógíráàmù tó ń wo eré, tó ń wo sítíárìn, tó ń wo gbogbo nǹkan. Lẹ́yìn ọdún kan, bóyá. Fún ìsinsìnyí, bọ́tìnì kan lórí sítíárìn ni: o di í mú, ó ṣí, o fi sílẹ̀, ó pa dé. Kí réwáyà rẹ jẹ́ kí wáyà náà gba súwíìṣì pẹ́dà bíréèkì kọjá, kí iná já gbàrà tí ẹsẹ̀ bá kan bíréèkì, bí o tilẹ̀ gbàgbé ìka rẹ lórí bọ́tìnì.

Ìdánwò rẹ̀ rọrùn. Nínú ọgbà mẹkáníìkì, gbé àpò sìmẹ́ńtì mẹ́ta lé apá náà, kílò 150, kí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ohun tó máa rí ní 200 km/h. Fi sílẹ̀ mọ́jú. Lẹ́yìn náà, fi téèpù lẹ àwọn òwú kéékèèké mọ́ gíláàsì ẹ̀yìn àti abẹ́ apá, kí ọ̀rẹ́ rẹ máa fi fóònù ya fídíò láti inú mọ́tò mìíràn. Òwú tó bá nà gbọọrọ, atẹ́gùn ń gba ibẹ̀ dáadáa. Èyí tó bá ń jó káàkiri, apá rẹ kò ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Gbé e ga sí i tàbí kí o dín ìdàkọ rẹ̀ kù. Orí pápá ìsáré ni kó o ti ṣe èyí o. Bí mo bá gbọ́ pé Third Mainland Bridge lo gbé e lọ ní aago méjì òru, èmi àti ìwọ kò mọra rí.

Ìbéèrè kan kù tí èmi náà fẹ́ bi ọ́. Ìgbà wo ni wọ́n pààrọ̀ bẹ́líìtì táímìn 944 yẹn kẹ́yìn? Bó bá já, písítọ̀n àti fáàfù á pàdé ara wọn, ẹnjíìnì á sì kú. Bí o kò bá mọ ọjọ́ náà, pa á lónìí, kó o má sì sítáàtì rẹ̀ títí wọn yóò fi pààrọ̀ ẹ̀.